Sẹ́ńsọ̀ tó sún mọ́ gateway ló ń kọ́kọ́ kú: ṣé middleware ni mo nílò, àbí ẹrù ló máa fi kún ẹrù?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí ni mò ń wá.

Sẹ́ńsọ̀ 46 ni mò ń bójú tó nínú ilé alájà mẹ́rin kan tí wọ́n ń kó ìwé àti àkọsílẹ̀ àtijọ́ pamọ́ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti ìmọ́lẹ̀. Rédíò IEEE 802.15.4, irú rédíò tí kì í jẹ iná púpọ̀, ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, Contiki (ètò ìpìlẹ̀ kékeré fún sẹ́ńsọ̀) ló wà nínú wọn, bátìrì AA méjì sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Èyí tó bá jìnnà á gba ọ̀dọ̀ èyí tó sún mọ́ ọn fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, títí yóò fi dé gateway, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo wọn fún àwọn ètò tó fẹ́ lò ó, tó wà nísàlẹ̀ ilé. Inú wọn kò gba nǹkan púpọ̀: RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) kílóbáìtì 10, flash (ibi tí kóòdù rẹ̀ ń gbé) kílóbáìtì 48.

Ètò mẹ́ta ló ń lo dátà yìí. Ọ̀kan ń darí ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀kan ń tan iná, ó sì ń pa á, ẹ̀kẹta ń ṣọ́ ọ̀rinrin nínú yàrá àkọsílẹ̀, òun ló sì máa ń pariwo bí ọ̀rinrin bá ti fẹ́ ga jù. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n, kálukú sì kọ tirẹ̀ bó ṣe yé e. Nínú ètò kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì sẹ́ńsọ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló tò sílẹ̀ gbọọrọ. Á máa bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá sì ti pé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ohun méjì ló gbé mi wá. Kí n tó gbé wọn kọ́ ògiri, mo ṣírò pé bátìrì á lo ọdún kan àti ààbọ̀. Àwọn tó wà lókè pátápátá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n mẹ́rin tó yí gateway ká kì í lò tó oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gun àkàsọ̀ lọ pààrọ̀ bátìrì wọn. Bí wọ́n bá sì ti kú, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn náà á dákẹ́ lọ gbári, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì tiwọn ṣì kún.

Ìkejì ló dùn mí jù. Sẹ́ńsọ̀ 12 bàjẹ́, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àdírẹ́sì tuntun sì nìyẹn. Mo tún ètò amúlétutù ṣe, mo tún ti iná ṣe, mo gbàgbé ẹ̀kẹta. Odindi ọjọ́ méjì ni ẹnikẹ́ni kò fi ṣọ́ ọ̀rinrin igun yẹn, àkọsílẹ̀ tí kò ní ẹ̀dà mìíràn ló sì wà níbẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Gbogbo ibi tí mo bá ti kàwé ni wọ́n ti ń sọ pé kí n fi middleware sáàárín. Mo mọ ohun tó jẹ́: sọ́fítíwíà alárinà tó dúró láàárín sẹ́ńsọ̀ àti ètò tó ń lo dátà rẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni bí a ṣe máa gbé ẹrù mìíràn lé ẹni tí ẹrù ti ń wọ̀ lọ́rùn. Ṣé kò ní tètè pa wọ́n ni?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ má ṣe ìyọnu púpọ̀. Ẹ fa wáyà iná dé ọ̀dọ̀ mẹ́rin tó ń kú yẹn, kí ẹ sì gbé MQTT, ìlànà ìfiránṣẹ́ láàárín ẹ̀rọ, sí i. Òun ni gbogbo ayé ń lò báyìí.

Ìdáhùn kejì

Àbá wáyà kò burú, èmi náà á fà á bí ààyè bá wà. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun nìkan la ṣe, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí agbára bátìrì yín ń bá lọ.

Kílóbáìtì 10 àti 48 tí ẹ kọ yẹn jọ ti ìdílé TelosB, irú ẹ̀rọ sẹ́ńsọ̀ kan. Bó bá jẹ́ òun ni, rédíò CC2420 ló wà lára rẹ̀. Rédíò yẹn ń jẹ 17.4 mA (mílíáńpíà, ìwọ̀n iná tó ń fà) bó bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì ń jẹ 18.8 mA bó bá ń tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ tún un kà: etí rẹ̀ ń náni ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ètò rò pé ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ bá ń ránṣẹ́ nìkan ni bátìrì ń lọ.

Ká fi bátìrì yẹn sí 2500 mAh, ìyẹn iye iná tó wà nínú rẹ̀. Bí rédíò kò bá sùn rárá, ẹ fi 18.8 pín 2500, wákàtí 133 ni, kò tó ọjọ́ mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ló fi ń lajú sílẹ̀, ọdún kan àti ààbọ̀ ni. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ìṣírò yín ti wá, ìṣírò náà kò sì ṣì.

Wàyí o, mẹ́rin ló yí gateway ká, 42 ló wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ń gbé ọ̀rọ̀ fún bíi mẹ́wàá. Ká ní ìbéèrè kan àti èsì rẹ̀ ń gba 50 ms (ẹgbẹ̀rún ms ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ́wọ́ ẹni tí a bi, kó sì gba 100 ms lọ́wọ́ ẹni tó gbé e kọjá, torí pé ẹni tó ń gbé e kọjá á gbà á, á sì tún un sọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ètò mẹ́ta bi òun fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 150 ms. Wọ́n bi àwọn mẹ́wàá ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìgbà: 3000 ms. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti díẹ̀ nínú ọgbọ̀n, ìyẹn ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Rédíò ń jẹ bíi 1.97 mA nìyẹn. Bátìrì á lo wákàtí 1266. Ọjọ́ 53. Oṣù méjì tí ẹ sọ pé kì í pé rèé.

Ẹni tó ń retí ìbéèrè kò lè sùn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà lójú tèmi. Bí ètò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti kan ilẹ̀kùn sẹ́ńsọ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú, bátìrì tí ẹ bá rà kò ní tó láéláé. Ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá mú ètò kẹrin wá, ìyà ọ̀hún á tún lé sí i. Alárinà tó dára á dúró síwájú ilẹ̀kùn, á máa dá àwọn tó ń béèrè lóhùn, kí ẹni tó wà nínú ilé lè sùn.

Ìbéèrè yín nípa ẹrù wá rọrùn láti dáhùn. Orí gateway ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á wà, níbi tí iná àti RAM ti pọ̀. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ á máa gbé kò ju pé kó mọ iye ìgbà tó yẹ kó wọn nǹkan, àti ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kóòdù kékeré ni. Gateway ló máa mọ̀ pé "yàrá àkọsílẹ̀, igun àríwá" ni sẹ́ńsọ̀ 12 lónìí, pé ó lè di sẹ́ńsọ̀ 47 lọ́la. Ètò yín kò gbọdọ̀ mọ àdírẹ́sì kankan. Orúkọ ibi àti ohun tí à ń wọ̀n ni kó máa pè. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sẹ́ńsọ̀ 12 kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, torí ojú kan ṣoṣo ni ẹ ó ti yí i.

Òwe wa sọ pé bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Ti sẹ́ńsọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ètò àti sẹ́ńsọ̀ bá ti mojú ara wọn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí alárinà yìí kúrò níbẹ̀.

Èrò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2002, àwọn olùwádìí kó sẹ́ńsọ̀ 32 lọ sí Great Duck Island ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, láti máa ṣọ́ ihò tí ẹyẹ petrel ń yé sí, torí pé bí èèyàn bá ń wọ ibẹ̀ ṣáá, ẹyẹ á sá. Ẹni tí kò lè lọ pààrọ̀ bátìrì ló mọ ohun tí oorun sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Ní àkókò kan náà ni Yunifásítì California ní Berkeley gbé TinyDB jáde. Ẹ kò ní bi sẹ́ńsọ̀ kankan ní nǹkan. Ẹ ó kọ ìbéèrè kan bí ẹni ń bi database léèrè, ẹ ó sọ iye ìgbà tí ẹ fẹ́ èsì, ìbéèrè náà á tàn ká nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èsì á sì máa bọ̀ fúnra rẹ̀ ní àsìkò tó dá. Ibẹ̀ náà ni Maté ti wá ní 2002, ẹ̀rọ àfojúrí (virtual machine) kékeré tí kóòdù rẹ̀ ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìdì-ìdì, àṣẹ 24 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Agilla dé, tí ètò fúnra rẹ̀ lè ṣí láti orí sẹ́ńsọ̀ kan lọ sórí èkejì. Orí irú ẹ̀rọ tiyín, tàbí èyí tó kéré jù ú lọ, ni gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ Agilla gan-an, oṣù mẹ́ta ni mo fi bá a ṣeré. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí sẹ́ńsọ̀ kì í kúrò lójú kan, tí iṣẹ́ wọn kì í sì í yí padà, ẹ kò nílò ètò tó ń ṣí kiri. TinyDB ni kí ẹ kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀: ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan, kí èsì máa wá bá yín.

Ó ku MQTT. Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ló ṣe é ní 1999, láti máa ṣọ́ ọ̀pá epo rọ̀bì láti ojú sátẹ́láìtì. Ohun rere ni, àmọ́ orí TCP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀, ló ń rìn, TCP sì fẹ́ kí ìsopọ̀ wà lójúfò. Ẹ má gbé e dé orí sẹ́ńsọ̀ yẹn. Láti sẹ́ńsọ̀ dé gateway, ẹ lo CoAP, ìlànà ìfiránṣẹ́ fún ẹ̀rọ kékeré, RFC 7252 ti 2014 (RFC ni ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì): UDP tí kò nílò ìsopọ̀ ló ń lò, orí ìfiránṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn àlàyé tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ láti báìtì mẹ́rin péré. Ó ní apá kan tó ń jẹ́ Observe, RFC 7641, tí gateway fi ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí sẹ́ńsọ̀ á sì máa ránṣẹ́ sí i bí nǹkan bá yí padà. MQTT-SN náà lè ṣe é; wọ́n dìídì ṣe é fún sẹ́ńsọ̀ tó ń sùn. Láti gateway lọ sọ́dọ̀ àwọn ètò yín ni kí MQTT ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Contiki ní Energest nínú, ó ń ka iye àkókò tí rédíò fi lajú. Ẹ tan án lórí ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, ẹ fi ọjọ́ kan kà á, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.

Ẹni tó béèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo tan Energest lórí sẹ́ńsọ̀ 7, òun ló sún mọ́ gateway jù. Ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo jókòó, mo wo ìṣírò yín, mo wo nọ́ńbà yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo tún ṣí àkọsílẹ̀ gateway wò, ohun tí mi ò ṣe rí láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ní aago 10:42, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, sẹ́ńsọ̀ 31 sọ fún ètò amúlétutù pé ooru jẹ́ 24.6. Ó sọ fún ètò iná pé 24.6. Ó sọ fún ètò ọ̀rinrin pé 24.6. Ètò iná kò tilẹ̀ lo ooru fún ohunkóhun! Ẹni tó kọ ọ́ kàn ń gba gbogbo rẹ̀ wọlé ni. Gbogbo ìyẹn sì gba orí sẹ́ńsọ̀ 19 àti sẹ́ńsọ̀ 7 kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀.

Mo rí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Èsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ JSON (dátà tí a kọ bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kà) báìtì 112: orúkọ yàrá lódindi, déètì àti aago lódindi, nọ́ńbà mẹ́ta. Nínú àkọsílẹ̀, ó hàn pé èsì kọ̀ọ̀kan ń pín sí méjì lójú ọ̀nà, àìmọye ìgbà sì ni apá kejì kì í dé. Mo ti rò pé ògiri ló ń dí rédíò lọ́wọ́.

Ìbéèrè mi kejì: ọgbọ́n TinyDB yẹn, mo kà pé sẹ́ńsọ̀ lè máa ṣe ìpíndọ́gba lójú ọ̀nà, kó jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa dé gateway fún àjà kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn kejì

Ògiri kọ́, tàbí ká sọ pé ògiri nìkan kọ́. Frame 802.15.4 kan, ìyẹn ìdì ọ̀rọ̀ tí rédíò ń rán lẹ́ẹ̀kan, kò lè ju báìtì 127 lọ, àdírẹ́sì àti àwọn orí ìfiránṣẹ́ yòókù sì wà nínú 127 yẹn. RFC 4944, ìlànà 6LoWPAN tó ń gbé IPv6 ti íńtánẹ́ẹ̀tì sórí 802.15.4, ṣírò rẹ̀: bí ààbò bá wà níbẹ̀, tí ẹ kò sì fún àwọn orí ìfiránṣẹ́ pọ̀, báìtì 33 ló máa ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀ yín lórí UDP. Bí ẹ bá fún wọn pọ̀, ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ 112 kò ní wọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ pín sí méjì, bí apá kan bá sì ti sọnù, gbogbo rẹ̀ sọnù. Ká ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń dé láti ọwọ́ kan sí èkejì, láìtún rán an. Frame kan tó gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa dé. Bó bá pín sí méjì, 53. Rédíò tún máa ń tún un rán, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àtúnrán yẹn náà ń jẹ bátìrì.

Ẹ yọ orúkọ yàrá kúrò. Gateway mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ yọ déètì kúrò. Aago inú sẹ́ńsọ̀ kì í dúró lójú kan: kírísítà tó ń darí rẹ̀, bó bá ń yẹ̀ ní ìdá 40 nínú mílíọ̀nù, á ti ṣi aago ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Kí gateway lẹ àkókò mọ́ ọn bó bá ṣe ń dé. Fún ilé tí à ń mú tutù, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tó bá rìn lójú ọ̀nà kò ba nǹkan kan jẹ́. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Ẹ kọ wọ́n ní CBOR, ọ̀nà tó ń kọ dátà ní báìtì díẹ̀ dípò JSON. 24.6 tí ẹ bá kọ bí 246 kò gbà ju báìtì méjì lọ. Gbogbo èsì yín kò ní tó báìtì mẹ́wàá.

Ní ti ìpíndọ́gba lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ra. Ó ṣeé ṣe: sẹ́ńsọ̀ á fi àpapọ̀ àti iye àwọn tó kà ránṣẹ́, ẹni tó wà níwájú á ro tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Fún ìmọ́lẹ̀ àjà kan, ẹ ṣe é bó bá wù yín. Fún ọ̀rinrin yàrá àkọsílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá: mẹ́sàn-án ń sọ pé ọ̀rinrin jẹ́ 50, ọ̀kan tó wà nígun ń pariwo 85. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 53.5. Ojú ẹnikẹ́ni kò ní dá nígbà tó bá rí 53.5, ìwé igun yẹn á sì máa rà lọ. Èyí tó ga jù ni kí ẹ béèrè fún níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un, torí mo ti jìyà ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà.

Ilé ọ̀gbìn onígíláàsì ni mo ṣe ti èmi fún. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ: gateway ní ìrántí, ó ń dáhùn fún sẹ́ńsọ̀, ètò kankan kì í kan ilẹ̀kùn mọ́. Mo lo retained message ti MQTT, kí ètò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lè rí nọ́ńbà tó kẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń fi 21.3 hàn mí ní apá ìwọ̀ oòrùn. 21.3 láàárọ̀, 21.3 lọ́sàn-án, 21.3 lóru. Mo wò ó lójoojúmọ́, inú mi ń dùn pé ibẹ̀ tutù dáadáa. Ìgbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn débẹ̀ ni mo rí i pé ewé ti jóná. Sẹ́ńsọ̀ ti kú láti ọjọ́ kìíní. Òkú ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu alárinà.

Mo ti rò pé Last Will ti MQTT á gbà mí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí broker (ẹ̀rọ tó ń pín ìfiránṣẹ́ MQTT) máa ń kéde bí ẹnìkan bá já kúrò lórí ìlà. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló so mọ́ broker, gateway ni. Gateway wà láàyè dáadáa, nítorí náà kò sí ikú tí broker máa kéde. Gateway fúnra rẹ̀ ni kó máa ka ìgbà tó gbọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, òun ló sì gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Bí broker yín bá ti ń lo MQTT 5, ẹ fún ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye àkókò tó fi lè wà kó tó parẹ́. Retained náà á parẹ́ bí àkókò rẹ̀ bá pé. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ kìíní, ẹ má dúró.

Ìdáhùn kejì

Ẹ ṣeun gan-an. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn, mi ò sọ ọ́, ó sì ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ CBOR lọ. Alárinà tó ń rántí gbọ́dọ̀ máa sọ ọjọ́ orí ohun tó rántí. Kò gbọdọ̀ dáhùn "24.6" lásán, "24.6, ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn" ni ìdáhùn. Kí ètò kọ̀ọ̀kan náà sì sọ bí dátà ṣe lè gbó tó kó tó kọ̀ ọ́: iná lè fara mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, amúlétutù lè fara mọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nítorí èyí, ẹ má jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ̀rọ̀ kìkì bí nǹkan bá yí padà. Bí nǹkan kò bá yí, a kò ní mọ̀ bóyá ó sùn ni tàbí ó kú. Kó sọ̀rọ̀ bí ooru bá fi 0.3 yàtọ̀ tàbí bí ọ̀rinrin bá fi 2 yàtọ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kó sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí gateway bá gbúròó rẹ̀ tì fún ogún ìṣẹ́jú, kó kéde pé sẹ́ńsọ̀ yẹn ti dákẹ́. Fún yàrá àkọsílẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fúnra rẹ̀ ni kó jẹ́ ìtanijí.

Ẹni tó béèrè

Mo jábọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Tẹ́lẹ̀, ètò mẹ́ta yẹn ń béèrè ìgbà 276 nínú ìṣẹ́jú kan. Báyìí, bíi mẹ́rìnlá ni ìfiránṣẹ́ tó ń dé gateway nínú ìṣẹ́jú kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ilé dákẹ́, ó máa ń sún mọ́ márùn-ún. Kò sí èyí tó ń pín sí méjì mọ́. Energest lórí sẹ́ńsọ̀ 7 ti bọ́ láti 11.2 sí 0.9. Ọjọ́ á ti pẹ́ kí n tó lè sọ̀rọ̀ bátìrì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àkàsọ̀ ti wà níbi tí mo fi í sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo dán ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ 12 wò. Mo yọ ọ́ tọwọ́tọwọ́, mo fi òmíràn síbẹ̀, mo yí ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì gateway. Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Mo tún yọ bátìrì sẹ́ńsọ̀ 31, mo dúró pẹ̀lú aago lọ́wọ́, nítorí ìtàn ilé ọ̀gbìn yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn, ọjọ́ orí rẹ̀ ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mẹ́tàlá, mọ́kàndínlógún. Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, nọ́ńbà náà parẹ́, ìtanijí yàrá àkọsílẹ̀ sì dún.

Lánàá, ẹnìkan gbé ètò kẹrin wá, ó fẹ́ máa ka iye àkókò tí èèyàn fi ń lo yàrá ìkàwé. Kò béèrè àdírẹ́sì sẹ́ńsọ̀ kankan lọ́wọ́ mi. Orúkọ yàrá mẹ́ta ló fún mi, ó ní dátà tó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kò wúlò fún òun. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì, kò sì sí sẹ́ńsọ̀ kan tó jí nítorí rẹ̀.